Màmá, Ẹnjiníà àti Epo Tí Ó Tán

Ẹni tí ó bá rí àwa tí a ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní àwọn yáàdì Berger, lẹ́bàá títì márosẹ̀ Apapa sí Oshodi ní Èkó, nínú ẹ̀wù funfun àti táì, yóò rò pé ẹ̀bẹ̀ oníbàárà ni a ń bẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Rárá o, mẹkáníìkì oníbàárà ni à ń bẹ̀ jù. Oníbàárà lè ti fẹ́ràn ọkọ̀ débi pé ó ti ń bi wá níbi tí wọn yóò ti ṣe nọ́ńbà rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì tí ó mú wá bá yínmú lẹ́ẹ̀kan péré, ọjà ti fọ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, màmá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ wá wo Toyota Camry ọdún 2008, irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Muscle. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tẹ̀ lé e, pẹ̀lú mẹkáníìkì kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà. Mo ṣàlàyé fún wọn pé lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ó jẹ́ 17 lápapọ̀ ni ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀, àti pé èyí tí ó ṣe ìkẹwàá nínú wọn ni ó ń sọ ọdún ọkọ̀. Màmá fi ìka kà á lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí ń máàkì iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fọkàn tán, ó bá 8 níbẹ̀, ó sì dákẹ́. Ẹnjiníà ní tirẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní ohùn ẹ́ńjìnnì kò dá òun lójú, ó wá fà mí lọ sẹ́yìn Sienna kan.

“Bọ̀ọ̀dá, èló ni tèmi ńbẹ̀?”

Mo sọ iye kan fún un. Nígbà tí a padà dé ìdí ọkọ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì ti dára.

Ṣùgbọ́n Màmá ní òun kò ní ra ọkọ̀ tí òun kò gùn lójú títì. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, bí ẹni ń wọn oògùn ni ọ̀gá mi ṣe ń wọn epo sínú ọkọ̀: èyí tí yóò gbé e dé oríta tí yóò sì gbé e padà, kò jù bẹ́ẹ̀. Mo bẹ Màmá pé kí oríta tó. Ó ní ṣé oríta ni òun yóò máa gbé ni? Bí a ṣe já sáàárín àwọn tírélà tí ń lọ sí Apapa, ọkọ̀ sín lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú.

“Mo mọ̀! Ẹ́ńjìnnì ti lọ!” Màmá ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Ẹnjiníà, tí ó rí i pé owó tirẹ̀ náà ń lọ, fi Ògún búra pé epo ni. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Màmá kò sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn, ó ń bá wa wí láti ojú fèrèsé bí a ṣe ń ti òun àti ọkọ̀, táì mi ti yí sẹ́yìn ọrùn, àwọn onítánkà sì ń fọn fèrè sí wa létí.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan tí ó wà nínú jíìpù rọra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

“Ẹ̀yin ará ibí, Muscle yìí mọ́ o! Ṣé ẹ fẹ́ tà á? Èló?”

Kí n tó la ẹnu, Màmá ti yọ orí síta. “Kò sí fún títà! Mo ti rà á!”

Èmi àti Ẹnjiníà wo ara wa. A gbàgbé láti máa tì.

Nígbà tí a dé yáàdì, Màmá tún yí ohùn padà, ó ní kí a dín owó ọkọ̀ tí a tì ní ìgboro bí ọmọlanke kù. Mo rán an létí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé níṣojú ẹlẹ́rìí ni ó ti rà á. Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Màmá sanwó, ṣùgbọ́n ó ní àfi kí a rọ epo kún táǹkì.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ẹnjiníà padà wá gba tirẹ̀, ó sì ní kí n fi owó ọkọ̀ tí òun tì kún un. Mo ní ṣebí àwa méjèèjì ni a jọ tì í. Ó ní èmi ní owó oṣù.

Owó oṣù tí ó ń wí yẹn ni ọ̀gá mi ti yọ owó epo Màmá nínú rẹ̀.