Ẹsẹ̀ Tó Rọ̀ Jù Kò Fẹ́ Ìfà

Nílẹ̀ àwa Yorùbá Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, obìnrin tí kò bá kúnlẹ̀ kí àgbà gbọ́dọ̀ ní àlàyé lẹ́nu, èmi sì ti ṣe àlàyé tèmi títí ó fi sú mi. Bí mo bá kúnlẹ̀ tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi sì ká mọ́lẹ̀, oríkèé kan ní ìdí ìka kejì ẹsẹ̀ òsì mi a yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, a dún bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ, ìrora rẹ̀ a sì gùn dé ojúgun mi. Kì í yọ tán. Ó kàn ń yẹ̀ ni, ó sì lè padà fúnra rẹ̀ kí n tó dìde. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi rò pé àṣejù ni mò ń ṣe, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá fi máa wo ẹsẹ̀ náà, kò wú, kò sì wọ́.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsánlú, eré ni a ń fi í ṣe. Mo lè tẹ àtàǹpàkò mi sẹ́yìn títí yóò fi kan apá, àwọn ẹgbẹ́ mi a sì pé jọ láti wò ó. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni onífisíò kan, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi ìdárayá tọ́jú oríkèé àti iṣan, ní Lọ́kọ́ja ní kí n tún eré náà ṣe lójú òun. Máàkì 9 ni ó wà nínú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Beighton, tí wọ́n fi ń wo bí oríkèé ṣe ń tẹ̀ tó: ìka ọwọ́ kékeré méjèèjì, àtàǹpàkò méjèèjì, ìgúnpá méjèèjì, orúnkún méjèèjì, àti bíbẹ̀rẹ̀ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ láìká orúnkún. Bí àgbàlagbà bá ti gba 5, wọ́n á ní oríkèé rẹ̀ rọ̀ jù. Èmi gba 7. Díẹ̀ ló kù kí n yọ̀, nítorí n kò gba irú máàkì bẹ́ẹ̀ rí nínú ìṣirò. Ó dárúkọ àìsàn Ehlers-Danlos, àìsàn àbímọ́ni tó ń mú kí ohun tó so ara pọ̀ dẹ̀ jù, tí àwọn oníṣègùn pín sí oríṣi 13 ní 2017, ó sì ní oríṣi tó jọ tèmi jù lọ ni èyí tí a kò tíì rí apilẹ̀ àbùdá tó ń fà á, tí kò fi sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Eegun 26 àti oríkèé 33 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, àwọn iṣan tó so eegun mọ́ eegun ló sì ń dè wọ́n pọ̀. Tèmi dà bí okùn tó ti dẹ̀: bí mo bá jókòó, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ mi a tẹ̀ kọrọdọ bíi ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bí mo bá dìde, a wó lulẹ̀ pẹrẹsẹ.

Kí n tó mọ èyí, bàbá kan tó ń to eegun ni mo máa ń lọ bá. N kò bú u o, mo mọ àwọn tí ó to eegun wọn tí wọ́n ń rìn dáadáa. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni ó ń fi òrí pa ẹsẹ̀ mi, tí ó sì ń fà á títí yóò fi dún. Ara á tù mí fún ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ kẹta ẹsẹ̀ náà á tún yẹ̀, ó sì máa ń yá láti yẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Okùn tó ti dẹ̀ ni a tún ń fà.

Ohun tí onífisíò náà ní kí n ṣe kò ní ariwo nínú. Ní àárọ̀, bí mo bá ń dúró kí omi ẹ̀kọ hó, mo máa ń fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí ìka mi kan ṣoṣo fara kan ògiri, nítorí pé oríkèé tó rọ̀ jù kì í tètè sọ fún ọpọlọ ibi tí ó wà, ó sì yẹ kí a kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà mo máa ń gbé gìgísẹ̀ sókè, mo sì máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èyí tó le jù ni kí n fa àárín àtẹ́lẹsẹ̀ sókè láìká ọmọ ìka kò; ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni mo fi ń wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Mo ti kó sálúbàtà jù sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní ọjà Kàbà, mo máa ń tẹ ẹ̀yìn bàtà wò kí n rí i pé ó le, mo sì máa ń lọ́ ọ: bàtà tí a bá lè lọ́ bí aṣọ tútù kì í ṣe tèmi, pàápàá lórí àwọn ọ̀nà olókùúta wa. Aránbàtà kan bá mi fi awọ tó nípọn sí abẹ́ àárín àtẹ́lẹsẹ̀.

Bí ó bá ṣì yẹ̀, mo máa ń jókòó, mo máa ń gbé e sórí àpótí, n kì í sì í fipá tì í padà. Mo lè fi pílásítà so ìka náà mọ́ èkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá kú tipiri, tí ó tutù, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, tàbí tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ìkúnlẹ̀, ìyá ọkọ mi ló yanjú rẹ̀: ó ní kí n máa tẹ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí n má fi ìka gúnlẹ̀ mọ́. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti ń tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ kan apá báyìí. Mo ní kó má ṣe é mọ́. Ó bi mí pé kí ló dé, nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì òun ń fún òun ní bísíkíìtì nítorí rẹ̀.