Itan Tó Ń Roni Lọ́jọ́ Kejì

Ẹni tó sáré ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè láàárọ̀ Sátidé, tó tún ń gun àtẹ̀gùn ibẹ̀ lọ sókè lọ sódò, ara rẹ̀ á ṣì yá gágá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àárọ̀ Sọ́ńdè ni ẹjọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá fi máa di Mọ́ńdè, ó lè gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ Òṣòdì; àtisọ̀ kalẹ̀ ni yóò máa fi di irin mú bí arúgbó.

Sísọ̀ kalẹ̀ náà ló kúkú fa ìrora ọ̀hún. Bí a bá ń sọ̀, iṣan iwájú itan ń nà, síbẹ̀ òun náà ló ń gbé ara dúró. Nínà tòun ti ẹrù yẹn ló ń já àwọn fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín inú rẹ̀. Kì í ṣe lactic acid, ásíìdì tí iṣan ń ṣe nígbà eré líle, tí wọ́n máa ń dárúkọ ní jíìmù. Ìyẹn ti kúrò lára láàárín bíi wákàtí 1 tí a bá ti sinmi. Ríro yìí máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, ó sì ń tán kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ má sùn tì í o. Ẹni tó jókòó wákàtí 2 sínú dáńfó, tí orúnkún rẹ̀ kan àga iwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gan tó bá fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀. Ẹ sọ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù tó ṣáájú tiyín, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rin ìyókù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìṣẹ́jú 15 sí 20.

Lálẹ́, ẹ fi òrí pa itan, kẹ́ ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ọ láti òkè orúnkún lọ sí ìbàdí, ìṣẹ́jú 5 fún ẹsẹ̀ kan. Kó dùn yín díẹ̀ ni, kì í ṣe kẹ́ ẹ máa ké. Róòbù kàn ń jẹ́ kí awọ ara gbóná débi pé èèyàn á gbàgbé ìrora ni, kò kan ọgbẹ́ inú iṣan. Ẹ má sì fi omi gbígbóná jó ibi tẹ́ ẹ fi í pa, ó lè bó yín lára.

Oúnjẹ tí iṣan fi ń tún ara rẹ̀ ṣe? Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja. Ẹ̀bà ńlá pẹ̀lú ẹran kékeré kan kò tó.

Ẹ má lo ibuprofen, oògùn ìrora, láìjẹun, tàbí nígbà tí omi ti gbẹ lára yín, nítorí inú àti kíndìnrín. Bí ìtọ̀ bá dúdú bíi kóòkì, tí ẹsẹ̀ sì wú, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni: ohun tó tú jáde nínú iṣan ti wọnú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló ń dojú kọ.

Ẹ padà sí pápá nígbà tẹ́ ẹ bá lè sọ̀ kalẹ̀ láìdi irin mú. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lẹ gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́sí, ẹ ṣe márùn-ún.