“Fún un” tí kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan

Ní alẹ́ àná, gbólóhùn kan ṣoṣo nínú Ìhìn Rere Mátíù ní èdè Bùlgáríà àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo oorun mi. Ibi tí Jésù ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ni, ní orí 8: “sŭšedŭšu že emu sŭ gory”. Mo mọ̀ pé “emu” túmọ̀ sí “fún un”, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí wọ́n fún un àti ẹni tí ó fún un, mo wá a títí, n kò rí i. Àṣé kò sí ẹni tí ó fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan! Nínú èdè yẹn, bí olùwà ìṣẹ̀lẹ̀ àkọ́kọ́ bá yàtọ̀ sí olùwà olórí gbólóhùn, òun àti ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ a jọ wọ aṣọ “fún” kan náà, -mu lára olùwà, -šu lára ọ̀rọ̀-ìṣe, láti sọ ohun tí àwa ń fi “nígbà tí” sọ láìlàágùn. Nínú àwọn ìwé ìwàásù ọ̀rúndún 17 tí wọ́n ń pè ní damaskini, tí mo ti kọ́kọ́ kà, ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àmì kan ti ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-orúkọ níbẹ̀ bíi “náà” tiwa.