Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá inú ọgbà

Ẹ bá mi dúpẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun ẹ̀rù kan ṣẹlẹ̀ sí mi tó já mi láyà débi pé mi ò rí oorun sùn mọ́, kò sídìí láti tún un tú. Ìjì ti rọlẹ̀, oorun ti padà sójú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, àmọ́ màmá tó ń fi iṣẹ́ ọgbà tọ́jú àwa tí ẹ̀rù ti bà bẹ́ẹ̀ ni mo wá kí.

Màmá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ò bi mí ní "kí ló ṣẹlẹ̀?" Ẹ ṣeun fún àpótí ìjókòó tẹ́ ẹ gbé ti ògiri, tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ẹ̀rù ti bà dé egungun ò lè jókòó síbi tí èèyàn lè yọ sí i lẹ́yìn. Ọ̀ọ́kán lẹ ti máa ń pe orúkọ kẹ́ ẹ tó sún mọ́ni. Ìṣẹ́jú 15 ni iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ dìde ní ìṣẹ́jú 5, kó dìde.

Ẹ̀wà lẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí hóró rẹ̀ tóbi tó èyí tí ọwọ́ tó ń gbọ̀n lè mú, ó sì máa ń hù láàárín ọjọ́ 5 sí 10 bí ilẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ike tá a lu nídìí la gbìn ín sí, ihò rẹ̀ jìn tó ìka ìfábẹ̀lá dé oríkèé àkọ́kọ́, hóró 3 nínú ihò kan. Bí ọ̀kan bá jẹrà, méjì á ṣì yọ. Ẹni tó ti pàdánù púpọ̀, bí hóró kan ṣoṣo bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ara rẹ̀ ló máa dá lẹ́bi.

Ẹ̀yìn ẹ̀wà ló máa ń kọ́kọ́ yọ, ó á tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, orí ṣì wà nínú ilẹ̀. Màmá ní ká má fà á: ó ń fẹ̀yìn la ilẹ̀ kí ewé rẹ̀ má baà ya, ẹni tó bá fà á á já a lọ́rùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ṣọ́ omi. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já máa ń bomi rin ṣáá, gbòǹgbò ò ní rí afẹ́fẹ́, ìdí irúgbìn á tín-ín-rín, á ṣubú. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ ná. Bó bá ṣì tutù, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sì tan ẹ̀rọ tó ń gé koríko láìkọ́kọ́ sọ fún wọn, ariwo rẹ̀ lè já wọn láyà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "ṣé ẹ̀wà ló máa gbé ìrántí lọ?", mo gbọ́ yín. Kò gbé e lọ, màmá ò sì sọ bẹ́ẹ̀ rí. Oògùn ń lọ, ìjókòó pẹ̀lú olùgbaninímọ̀ràn ń lọ, ọgbà náà ń lọ. Àwọn sójà tó ti Ogun Àgbáyé Kejì dé gba irú ìtọ́jú inú ọgbà yìí nílé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe eré ọmọdé.

Màmá, hóró ẹ̀wà tó gbẹ lórí igi rẹ̀ ti wà nínú àpò bébà, mo ti ṣa èyí tí kòkòrò lu kúrò. Mo ń kó o bọ̀ fún ẹni tó kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn.