Ibi tí ìyẹ́ ti tán lára adìyẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Bí adìyẹ ẹ̀yìnkùlé bá bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìyẹ́ ara wọn, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé ká gé wọn lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mú abẹ. Ẹnu yẹn ni adìyẹ fi ń jẹun, òun ló fi ń tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe, òun ló fi ń ṣa iná kúrò lára. Gígé e sì máa ń dùn ún gan-an. Bí ẹ bá gé e tán, ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ gbé adìyẹ náà lálẹ́ nígbà tó bá ti sùn, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lára. Bó bá jẹ́ orí àti ogbe ló lọ́gbẹ́, ìjà ipò ni wọ́n ń jà. Adìyẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn àti èjìká ni ìyẹ́ ti bọ́, tí àkùkọ sì wà láàárín wọn, àkùkọ ló ń gùn ún ní àgùnjù: àkùkọ kan fún abo 8 sí 10 ló dáa. Bó bá jẹ́ ọrùn ni ìyẹ́ ti kọ́kọ́ ń re kó tó dé ẹ̀yìn, tí adìyẹ náà sì ti lé ní ọdún kan, ó ń pààrọ̀ ìyẹ́ ni, ó sì lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó ṣù mọ́ gbòǹgbò ìyẹ́ nídìí, ẹyin iná nìyẹn. (Òpìpí àti abọ́lọ́rùn ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o, bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn.)

Èyí tó léwu jù ni ìdí ìrù àti ihò ìdí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn láàyè. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti yọ, gbogbo wọn á máa wá sọ ibẹ̀ lẹ́nu. Ẹ gbé e kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ po ṣíbí tíì iyọ̀ kan mọ́ ààbọ̀ lítà omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù, kí ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà, kí ẹ wá fi ayodíìnì sí i. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí eṣinṣin, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti lálẹ́ bóyá ìdin ti wọ̀ ọ́. Ẹ má fi GV (gentian violet, oògùn ojú ọgbẹ́ aláwọ̀ àlùkò) sí i o, pàápàá fún adìyẹ tí a ó jẹ ẹyin rẹ̀.

Inú wáyà ní ilé kan náà ni kí ẹ fi èyí tó fara pa sí, kí àwọn tó kù lè máa rí i, kí wọ́n má baà kà á sí àlejò tó bá padà. Àgbàyà tó ń fìyà jẹ wọ́n gan-an ni kí ẹ gbé lọ síbi tí wọn ò ti ní rí i, fún ọjọ́ 3 sí 5. Àwọn tó kù á tún ipò wọn tò. Òru ni kí ẹ dá a padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo oúnjẹ. Ìyẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì èròjà amáradàgbà. Oúnjẹ adìyẹ tó ń yé máa ń ní amáradàgbà tó tó nǹkan bí ìdá 16 sí 17 nínú ọgọ́rùn-ún, àgbàdo ò sì ju 8 sí 9 lọ. Ẹni tó bá da oúnjẹ ìdá 16 pọ̀ mọ́ àgbàdo ìdá 8 lọ́gbọọgba kó má baà tètè tán, ìdá 12 péré ló ń fún wọn. Ìyẹ́ ara wọn ni wọ́n á máa fi dí àlàfo yẹn. Kúlíkúlí dáa, àmọ́ kò ní methionine tó, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn èròjà tó para pọ̀ di amáradàgbà. Ẹja lílọ̀ àti ikán ló ní in. Ẹni tó bá ń po oúnjẹ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi iyọ̀ sí i, bíi gíráàmù 3 sí kílò kan, kó má ṣe pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, torí iyọ̀ àpọ̀jù ń pa adìyẹ.

Àyè ńkọ́? Adìyẹ 10 nílò ilé tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5, láìka ìta tí wọ́n ti ń ṣeré. Ẹ gbé abọ́ oúnjẹ méjì síbi tó jìnnà síra, torí àgbàyà kan ò lè ṣọ́ méjèèjì pọ̀. Ẹ ta aṣọ síwájú ibi tí wọ́n ń yé sí kó lè ṣókùnkùn. Bí adìyẹ bá ń yé lọ́wọ́, inú ihò ìdí rẹ̀ máa ń yọ síta díẹ̀, pupa fòò, kó tó padà wọlé. Ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù, àwọn tó wà nítòsí á sọ ọ́ lẹ́nu kó tó wọlé. Àpótí kan tó fún adìyẹ 4 tàbí 5. Bí ẹ bá ń tan iná fún wọn, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan ò gbọdọ̀ ju wákàtí 16 lọ.

Ẹ so ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ewé ọ̀dùnkún kọ́ sókè díẹ̀ sí orí wọn, kí ẹnu wọn ríṣẹ́ ṣe.

Ìyẹ́ tí wọ́n fà tu látìdí á tún hù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tó kàn já sí méjì ò ní hù títí adìyẹ á fi pààrọ̀ ìyẹ́. Ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú ìyẹ́ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ bí ẹ̀gún, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ yọ wáyà náà kúrò títí àwọn ìyẹ́ yẹn á fi là tán.