Bí Mo Ṣe Fi Excel Sọ Bùọ̀dá Kàdúnà Di Olówó

Nínú ẹbí tiwa, tí o bá ti lè fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp láìpe ọmọ kékeré kó wá bá ọ tẹ̀ ẹ́, ẹnjiníà ni ọ́. Tèmi tiẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí mo ní lápútọ́ọ̀pù. Lọ́jọ́ tí a ṣe ìpàdé ìsìnkú Ìyá Àgbà ní agboolé wa ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, mo fara ti ògiri kí wọ́n má baà rí mi. Mọ́gàjí kàn gbójú sókè ni, ó ní, "Ọmọ yẹn tó máa ń tẹ nǹkan dà?" Bí mo ṣe di akọ̀wé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó dìbò, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́. Màmá mi ló kọ́kọ́ ṣe àmín.

Iṣẹ́ náà kò le lójú mi. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye tí kálukú dá, iye èèyàn tó ń mú bọ̀ wá jẹun. Òpó mẹ́rin péré, ìlà 67. Mo ṣí Excel, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń to orúkọ àti iye sínú àpótí àpótí, mo kọ orúkọ bí a ṣe ń pè wọ́n nílé: Àǹtí Gbági, Alhaji, Bùọ̀dá Kàdúnà, Ìyá Ìbejì, Bàbá Sàbó, Màmá Ẹlẹ́kọ. Ta ló mọ orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí Bàbá Sàbó? Òun fúnra rẹ̀ máa ń ronú díẹ̀ kó tó dárúkọ ọ̀hún.

Ibi nọ́ńbà fóònù ni Excel ti kọ́kọ́ fi ojú mi rí nǹkan. Mo tẹ 0803 àti ìyókù rẹ̀, mo tẹ Enter, òdo iwájú pòórá. Mo tún un tẹ̀, ó tún gbé e mì. Àwọn tó fi 234 ṣáájú tiwọn tún wá sàn jù: nọ́ńbà wọn di 2.34803E+12. Mọ́gàjí wo bébà, ó wo ojú mi, ó ní, "Ta ni ká fi èyí pè? Máléékà?"

Ẹ jẹ́ n gbèjà Excel díẹ̀. Lójú tiẹ̀, ohunkóhun tó bá ti jẹ́ kìkì nọ́ńbà, iye ni, òdo tó bá sì wà níwájú iye kò wúlò fún nǹkan kan. Ẹni tó ní ₦05 kò lówó ju ẹni tó ní ₦5 lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ro nọ́ńbà fóònù Alhaji pọ̀ mọ́ ti Ìyá Ìbejì? Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n yan òpó náà látòkè délẹ̀, kí n sọ ọ́ di Text, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán, tàbí kí n fi àmì ' kékeré kan ṣáájú òdo. Kí n tó tẹ̀ ẹ́ ni o! Èmi tẹ gbogbo rẹ̀ tán ná, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ọ́ di Text, mo jókòó, mo ń retí kí òdo padà wálé bí ọmọ tó lọ sí ìdálẹ̀. Kò padà. Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: mẹ́wàá ló yẹ kó jẹ́, èyí tó bá fi òdo bẹ̀rẹ̀ á di mẹ́sàn-án, ẹ ò sì ní mọ̀ títí báǹkì á fi ní òun ò mọ ẹni tí ẹ ń wá.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Àǹtí Gbági ní èèyàn mẹ́ta sí mẹ́rin lòun ń mú bọ̀. Mo tẹ 3-4, mo kọjá. N kò wẹ̀yìn. Ìyá olóúnjẹ ló wẹ̀yìn bá mi. Ó pè mí lálẹ́: "Akọ̀wé, àwọn ará Gbági yìí, wọ́n kọ 4-Mar síwájú wọn. Ṣé oṣù kẹta ni wọ́n fẹ́ wá jẹ tiwọn ni? Oṣù kọkànlá la wà yìí o."

Ìgbà tí mo ka nípa bí Excel ṣe ń sọ nǹkan di ọjọ́ ni mo rí i pé àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ ti jìyà ẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní jíìnì kan, ohun àjogúnbá inú ara, tí wọ́n ń pè ní MARCH1. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ sínú Excel, ó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Wọ́n bá a fà á títí, ó sú wọn, nígbà tó di 2020 ìgbìmọ̀ tó ń fún jíìnì ènìyàn lórúkọ kéde pé MARCHF1 ni yóò máa jẹ́. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa kí wọ́n tó ṣẹ̀dá kọ̀ǹpútà ló yí orúkọ padà fún kọ̀ǹpútà! Ọdún 2023 ni Excel ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ibì kan sí inú Options tí èèyàn ti lè sọ fún un pé kó yéé bá a gbèrò. Tèmi ti bàjẹ́ kí n tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá délẹ̀. Kí iṣẹ́ lè fúyẹ́, mo gbé àkọsílẹ̀ náà sórí Google Sheets, irú Excel ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ẹbí lè jọ kọ nǹkan sí, fún ọjọ́ méjì, mo ní kí kálukú fọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye tó dá. Èrò tó dára nìyẹn nínú ẹbí mìíràn. Ẹnì kan kọ 5k. Ẹnì kan kọ N10,000. Bàbá Sàbó kọ "ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ó ku ẹgbẹ̀rún méjì". Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Houston kọ 100, kò sọ bóyá dọ́là ni àbí náírà, a ò sì rójú bi í. Nígbà tí mo ro ó pọ̀, iye tó jáde kò tó ìdajì ohun tó wà ní báǹkì. SUM, àṣẹ tí Excel fi ń ro iye pọ̀, kì í bá èèyàn jiyàn: èyí tí kò bá jọ iye lójú rẹ̀, ṣe ló máa fò ó bíi kòtò. Ìgbà tí mo fẹjú dáadáa ni mo rí àṣírí ibẹ̀. Iye tó jẹ́ iye máa ń fara ti ọwọ́ ọ̀tún àpótí rẹ̀, ọ̀rọ̀ á fara ti òsì. 5k rọra fẹ̀yìn ti òsì bí ẹni tí kò jẹ gbèsè. Mo gbé e kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ 5000 gbọnrangandan, mo jẹ́ kí Excel fúnra rẹ̀ fi ₦ àti kọ́mà sí i.

Bí mo ṣe fi ₦ sí i tán, owó Alhaji di ########. Ẹni tó dá ₦250,000, tó dá ju gbogbo wa lọ! Alhaji gba bébà lọ́wọ́ mi, ó gbé gíláàsì sójú, ó ní, "Kí ló dé tí wọ́n fi géètì ti owó mi mọ́lé?" Mo ṣàlàyé pé owó wọn ló tóbi ju àpótí lọ, pé ṣe ni mo kàn máa tẹ etí òpó náà lẹ́ẹ̀mejì kó lè fẹ̀. Inú wọn dùn. Wọ́n ní kí n tún un sọ kí Mọ́gàjí lè gbọ́.

Ká ní mo mọ ohun tó ń bọ̀ ni, ǹ bá jẹ́ kí géètì yẹn wà níbẹ̀.

Alẹ́ tó ṣáájú ìpàdé kejì, Mọ́gàjí ránṣẹ́ pé kí n to orúkọ ní A, B, D, kó lè rọrùn fún òun láti kà. Aago mọ́kànlá ti lù, iná ti lọ, bátìrì lápútọ́ọ̀pù ku 12%. Mo yan òpó orúkọ nìkan, mo tẹ A–Z. Kí n má parọ́ mọ́ Excel, ó bi mí. Ó ní mo rí nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó o yàn yìí o, ṣé kí n kó wọn dání ni, àbí bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe máa lọ? "Expand the selection" wà lókè, "Continue with the current selection" wà nísàlẹ̀. Èwo ni ti fífẹ nǹkan láago mọ́kànlá alẹ́? Continue! Orúkọ tò bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà, Alhaji lókè téńté. Ó wù mí. Mo tọ́jú rẹ̀, mo pa á dé, mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Ohun tí mo ṣe nìyí: ẹ wo òde àríyá kan tí gbogbo àlejò dìde pààrọ̀ àga, ṣùgbọ́n tí àwo oúnjẹ dúró sójú kan. Ẹni tó jókòó ti ẹ̀wà tẹ́lẹ̀ á wá bá odidi itan tòlótòló níwájú ara rẹ̀.

Ní ìpàdé, Mọ́gàjí wọ gíláàsì, ó tún ọ̀fun ṣe. "Alhaji." Alhaji gbé ojú sókè bí ẹni tí kò retí ìyìn. "₦1,500."

Ẹ ì bá gbọ́ ìró eṣinṣin.

"Ẹ tún un kà," Alhaji ní. Mọ́gàjí tún un kà. Kò yí padà. Kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀, Mọ́gàjí ti ń bá a lọ, nítorí pé kíkà ni wọ́n ní kó kà: Àǹtí Gbági, Bàbá Sàbó, "Bùọ̀dá Kàdúnà: ₦250,000."

Bùọ̀dá Kàdúnà, tó fi ₦2,000 ránṣẹ́ pẹ̀lú àlàyé pé ìyókù ń bọ̀! Gbogbo ilé yí ojú sí i. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà á, mo rí i lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rí i tó ń rò ó. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Mọ́gàjí, ó ní, "Ọlọ́run ló ń fúnni, bàbá." Ìyá Ìbejì gbé oríkì rẹ̀. Mọ́gàjí ní ibi tó ti mú un kò ní gbẹ láéláé, a ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn. Kí ni kí n ṣe?

"Ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀!" Alhaji ti dìde. "Ṣé owó ọ̀kadà ni mo dá ni?"

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé àròpọ̀ rẹ̀ pé. A rò ó lẹ́ẹ̀mejì, kọ́bọ̀ kan ò dín. Ká ní owó sọnù ni, wọn ì bá pè mí lólè, ká jọ mọ ibi tí a dúró. Owó wà, olówó ni kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó rẹ̀. Ctrl+Z tó máa ń yí àṣìṣe padà kò sì lè gbà mí, torí mo ti pa fáìlì dé lóru. Mo sáré lọ wo èyí tó wà lórí Google Sheets: ó ti tó ọjọ́ márùn-ún, Alhaji ò tíì dá kọ́bọ̀ nígbà yẹn. Nítorí náà ₦1,500 tiẹ̀ sàn.

Mo gbìyànjú láti fi ìmọ̀ gba ara mi là. Mo sọ fún Mọ́gàjí pé ní 2020, nígbà Kòrónà, àwọn elétò ìlera ìlú Ọba gan-an fi orúkọ aláìsàn 15,841 sílẹ̀ nínú iye tí wọ́n ń kéde, torí pé irú fáìlì Excel àtijọ́ tí wọ́n lò kò gbà ju ìlà 65,536 lọ. Mọ́gàjí gbọ́ mi dópin. Ó ní, "Ṣé Alhaji wà nínú wọn ni?"

Màmá mi ló tú ilé ká. Wọ́n kọwọ́ sínú báàgì, wọ́n yọ ìwé 2A kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ ní bírò: ẹni tó dá, iye tó dá, ọjọ́ tó dá a, àti ohun tó sọ nígbà tó ń dá a. "Mi ò mọ nǹkan tí ẹ̀rọ rẹ lè ṣe," wọ́n ní, "mo kàn rọra ń kọ ọ́ ni." Títí di òní, bí mo bá fẹ́ to nǹkan, mo máa ń kọ́kọ́ tẹ Ctrl+T kí Excel lè so ìlà kọ̀ọ̀kan pọ̀ bí ìdìpọ̀ igi, kí orúkọ má lè dá rìn. Mo sì máa ń fi ẹ̀dà kan pamọ́. Ìwé 2A ṣì wà nínú báàgì Màmá.

Ẹ rò pé wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi? Wọ́n fi ìwé ètò ìsìn kún un ni. Inú Word ni mo ti tẹ̀ ẹ́, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sísàlẹ̀ ẹ àti ọ, ni mo bá ń fa ìlà sábẹ́ e àti o lásán. Ó jọ ọ́ lójú. Mo dà á kọ sórí WhatsApp fún àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́, gbogbo ìlà náà já bọ́ lójú ọ̀nà, torí aṣọ ni ìlà yẹn, kì í ṣe ara lẹ́tà. Bó ṣe di pé Ìyá Àgbà, tó ta aṣọ òkè ní Òjé títí tí agbára ò fi sí mọ́, gbé pẹ̀lú "oko" rẹ̀ fún ọdún 54 nìyẹn. Àwọn àgbà kà á sí pápá, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ó dáko. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wà lẹ́yìn fi ohùn mìíràn kà á, wọ́n sì jáde lọ rẹ́rìn-ín níta. Kíbọọ̀dù Yorùbá ti wà lórí fóònù mi báyìí.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ Àǹtí Gbági fẹ́ ṣègbéyàwó, èmi náà ni akọ̀wé. Alhaji gbé owó tiwọn wá fún Màmá ní ọwọ́, wọ́n sì dúró kí wọ́n kọ ọ́ sínú 2A lójú wọn kí wọ́n tó lọ. Bùọ̀dá Kàdúnà pè mí lórí fóònù.

"Akọ̀wé, mo ti fi ₦2,000 ránṣẹ́ o."

"Ó ti wọlé, sà. Ẹ ṣeun, sà."

"Ṣé o ti tò ó?"

"Rárá, sà, mi ò tíì tò ó."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tó o bá ti fẹ́ tò ó, jọ̀ọ́, ibi tó o fi mí sí níjọ́sí, fi mí síbẹ̀."