Àwo Gèèmù Mi Ti Ríṣẹ́ Lóko Àgbàdo Màámi

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ká ní mo dákẹ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn ni, tí Sọ́díìkì ọmọ ilé kejì wá jókòó sí pálọ̀ wa ní Òkè-Baálẹ̀, tó ń fọ́nnu pé gèèmù òun ti wọlé tán, 70GB, òru mẹ́ta gbáko lòun fi dáńlóòdù ẹ̀ torí òru ni dátà máa ń pọ̀, gbogbo eléyìí ò bá má ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ara mi ò gbà á.

Mo ní, "Sọ́díìkì, kí lo rà gan-an? Gbé e wá ká rí i."

Ó ní, "Bọ̀dá, orí àkáǹtì mi ló wà."

Mo ní a jẹ́ pé kò sí lọ́wọ́ ẹ nìyẹn. Mo tiẹ̀ tún kó òfin mọ́ ọn lórí, mo ní ní California lọ́hùn-ún, láti 2025, wọ́n ti ní kí àwọn tó ń ta gèèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì máa là á mọ́lẹ̀ fún oníbàárà pé àṣẹ àti lò lásán ló sanwó fún. Ọmọ yẹn kàn ń wò mí bí ẹni tí ebi ń pa tí wọ́n ṣì ń ṣe wáàsí níbi ìnáwó.

Mo wá ní tèmi ojúlówó ni, inú páálí ló wà, gèèmù tí wọ́n fi ń wa mọ́tò sáré, London ni àǹkú mi ti rà á fún mi wálé ní 2004, nígbà tó jẹ́ pé ti inú ọ̀rá ni gbogbo ayé ń rà ní Ọláìyá, èyí tí wọ́n fi bírò kọ orúkọ sí lára. Kò bèèrè dátà, kò bèèrè àkáǹtì. "Jókòó síbẹ̀ kí n fi nǹkan hàn ẹ́."

Mo ti kó fódà gèèmù yẹn láti orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ sórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mi tipẹ́, mo bá tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n fi àwo sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbá gèèmù láyé ìgbà yẹn á rántí: gbogbo ẹ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà tán o, ṣùgbọ́n tí ò bá fojú kan àwo ẹ̀, kò ní ṣí. Torí àwọn tó ń ṣe àdàkọ ni. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ ba àwọn ojú ibì kan jẹ́ lára àwo, ibi tí ẹ̀rọ ìdàkọ ò ní lè dà kọ bó ṣe rí, gèèmù á wá kọ́kọ́ máa wá àpá yẹn, bí ìgbà tí ìyá ń wo ilà lójú ọmọ tó sọnù kó tó gbà pé ọmọ òun ni. SafeDisc lorúkọ ètò tó ń wá àpá yẹn nínú tèmi.

Ó dáa, mo fa Ghana-must-go jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Páálí wà níbẹ̀. Ìwé ẹ̀ wà níbẹ̀. Àwo ò sí.

"Màámi! Ẹ bá mi rí àwo tó wà nínú páálí yìí?"

Wọ́n dáhùn láti kíṣìnnì: "Àwo ọbẹ̀ àbí àwo iyán?"

"Àwo kọ̀ǹpútà, Màámi. Èyí tó ń dán."

"Ẹ̀ẹ́n, ìyẹn! Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣiṣẹ́."

Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Okùn ni wọ́n ta láti ara igi ìbẹ́pẹ sí òpó tí wọ́n ń sáṣọ sí, gba orí àgbàdo kọjá, àwo bíi mẹ́fà ló so rọ̀ síbẹ̀: fídíò ìgbéyàwó àbúrò mi, wáàsí méjì, àwọn kan tí mi ò mọ̀, gèèmù mi wá wà láàárín, ó ń yí bírí bírí nínú oòrùn. Wọ́n ti ki okùn ọ̀rá bọ ihò àárín ẹ̀, wọ́n ta á ní kókó mẹ́ta. Ìgbẹ́ ẹyẹ ti gbẹ mọ́ orúkọ gèèmù. Èyí tó wá dùn mí jù, ẹ̀gà kan bà sórí okùn yẹn gan-an, ó tẹ orí wálẹ̀, ó ń wo ara ẹ̀ nínú àwo mi bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Mo tú u. Màámi ń pariwo láti ẹ̀yìn pé kí n mú òmíràn, pé èyí tó wà láàárín yẹn ló mọṣẹ́ jù.

Mo fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi ọṣẹ ìfọyín ra ibi tó ha, mo nù ún láti àárín bọ̀ síta, nítorí tẹ́ ẹ bá ń nù ún róbótó, tí iyanrìn bá wá ha á lọ́nà ibẹ̀, ojú ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń tọ̀ kà á lẹ fi ń ya yẹn. Àpá ara ẹ̀ nígbà yẹn ti pọ̀ ju èyí tí wọ́n dá sí i láti London lọ ṣá.

Ìgbà tí mo fẹ́ ti àwo bọ̀ ọ́ ni mo rántí pé láptọ́ọ̀pù mi ò lẹ́nu. Ọ̀kadà di Ọláìyá, lọ́dọ̀ bọ̀ọ̀dá kan tó ń ṣe JAMB fáwọn ọmọ, òun ló ní ẹnu àwo tí wọ́n ń kì bọ USB, ó sì gba aago ọwọ́ mi dúró kó tó yá mi. Mo padà délé, Sọ́díìkì ṣì wà níbẹ̀, ó ti jẹ ẹ̀pà wa tán.

Àwo wọlé. Ó ń hàn gọ̀nrìn gọ̀nrìn bí ẹ̀rọ ìlọta tí òkúta bọ́ sí. Ó dákẹ́. Ó kà á! Mo lu Sọ́díìkì lẹ́yìn, mo tẹ gèèmù.

Kò ṣí.

Mo tẹ̀ ẹ́ bíi ìgbà méje. Sọ́díìkì ló gúgù ẹ̀ lórí fóònù, ó rọra kà á sí mi létí: láti Windows 10 tó jáde ní 2015 ni wọn ò ti gba SafeDisc wọlé mọ́, torí inú ikùn Windows ló máa ń lọ jókòó sí, wọ́n sì ti rí ihò lára ẹ̀ tí olè lè gbà wọlé. Mi ò dá wọn lẹ́bi o, ta ló máa gba ọdẹ tó ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ sùn? Kìkì pé èmi tí mo ní ojúlówó ni ọdẹ náà tì mọ́ta. Àwọn tó ra ti inú ọ̀rá ní Ọláìyá, wọ́n ti lé ọdẹ kúrò nínú tiwọn kí wọ́n tó tà á fún wọn.

Màámi wọlé, wọ́n wo láptọ́ọ̀pù, wọ́n wò mí. "Ṣé o ti lò ó tán? Àwọn ẹyẹ yẹn ti mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́ o."

Mo yọ ọ́ fún wọn. Wọ́n gbé e sójú oòrùn, inú wọn dùn. "Háà, o tiẹ̀ fọ̀ ọ́!"

Ẹ̀rín ń pa Sọ́díìkì kú lọ. Màámi bá yíjú sí i. "Ìwọ ńkọ́, àwo mélòó ni tìẹ?"

"Mọ́mì, tèmi ò ní àwo o."

Inú ti ń bí mi, mo ní, "Màámi, CD kan ò gbà ju bíi 700MB lọ. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n kó gèèmù Sọ́díìkì sí CD, ọgọ́rùn-ún ni."

Màámi dákẹ́. Wọ́n wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ títí, ẹnu wọn ń mì bí ẹni tó ń ka ebè. Wọ́n wá rọra gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ ọlọ́mọ.

"Sọ́díìkì ọmọ mi, tó o bá ráyè lọ́la, bá mi kó wọn wá."